Ọjọ́ Tí A Fi Fóònù Ṣe Ọ̀wẹ̀

Pupa ni wọ́n fi kọ ọ́ lójú kọ̀ǹpútà mi: Échec. Kò lọ. Láti àárọ̀ ló ti ń yọ sí mi bẹ́ẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, nígbà mìíràn nígbà tí ìlà tó ń fi ìrìn fáìlì hàn bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri lódìkejì. Tó bá ti yọ báyìí, gbogbo ohun tó ti lọ di òfo, àfi kí n tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé kọ̀ǹpútà náà jù sínú kànga.

Ohun tí mò ń fi ránṣẹ́ ni orí ìyá mi. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí léèrè nìyẹn, torí inú ń bí mi: "Orí ìyá mi ni mò ń fi ránṣẹ́ sí Cotonou, réseau íńtánẹ́ẹ̀tì ò jẹ́ kó kọjá." Àwòrán inú orí ẹ̀ ni mo ní lọ́kàn, èyí tí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá yà ní Parakou, tí wọ́n kó sínú sídíì kan fún wa. Kì í ṣe àwòrán kan tàbí méjì. Ńṣe ni ẹ̀rọ yẹn ya orí ìyá mi ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ láti àtàrí dé ọrùn, pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àwòrán tirẹ̀. Àpapọ̀ wọn wúwo ju ohunkóhun tí mo ti fi ránṣẹ́ rí láti Tchaourou, ìlú wa.

Oko kajú wa lọ́nà Sanson ni ìyá mi ti ṣubú. Ó fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, orí ẹ̀ sọ mọ́ igi, ó dìde, ó gbọn ìdí aṣọ ẹ̀ nù, ó ní kò sí nǹkan kan. Ó tiẹ̀ tún bú wa pé kí la wá ń wò, ṣé a ò rí ẹni tó ṣubú rí ni. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan kọjá, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Nígbà tó yá, ó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ àbúrò ẹ̀ tó ti kú pè mí, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rù bà mí. A gbé e lọ sí Parakou, wọ́n ya àwòrán, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń ka àwòrán rìnrìn àjò. Wọ́n ní ká lọ máa retí èsì nílé. Ilé náà la wà tí ara ẹ̀ fi ń burú sí i. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, a jí i pé kó kírun, ó la ojú, ó wò wá bí ẹni tí kò mọ̀ wá rí, ó tún pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí ìyá wa, Cotonou ló ń gbé, ó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù níbẹ̀. Òun ló bá wa wá dókítà kan, obìnrin tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ orí. Mo ya fọ́tò ike dúdú tí wọ́n tẹ àwòrán náà sí, tí wọ́n fún wa mọ́ sídíì, mo fi ránṣẹ́ sí dókítà yìí. Ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Ohùn ẹ̀ tutù, kò kánjú, Faransé tó ń sọ yé mi dáadáa.

Ó ní fọ́tò náà ṣú, òun ò lè fi ṣe nǹkan kan. Ó ní òun gbọ́dọ̀ rí gbogbo àwòrán inú sídíì. Ó ní òun ń fura sí ẹ̀jẹ̀ tó dá sínú orí láti ìgbà tí ìyá wa ti ṣubú, tó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni, a ò gbọdọ̀ gbé e gba ọ̀nà Cotonou, kò ní dé ibẹ̀ láàyè. Oníṣẹ́ abẹ kan tí wọ́n jọ kẹ́kọ̀ọ́ wà ní Parakou lọ́sẹ̀ yẹn, òun á pè é, wọ́n á sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ nǹkan mìíràn ni, Parakou ò ní lè ṣe é, Cotonou nìkan ni. Òun ò sì lè ní kí wọ́n la orí èèyàn nítorí fọ́tò tó ṣú. Ó ní kí n jẹ́ kó dé ọwọ́ òun kí òun tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́sàn-án, torí tí òun bá ti wọlé, ilẹ̀ á ṣú kí òun tó jáde.

Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ṣe rí. Ìyá mi wà lórí ẹní nínú yàrá, taxi tí a háyà wà lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ bóyá àríwá la máa kọjú sí, sí Parakou, tàbí gúúsù, sí Cotonou. Fáìlì yẹn ló máa sọ ọ́.

Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ojú irin, mo máa ń tẹ ìwé fún àwọn èèyàn níbẹ̀, mo sì ń ṣe fọ́tòkópì. Mo gbé kọ̀ǹpútà ibẹ̀ wá sílé, mo gbé e lé orí odó tí mo dojú ẹ̀ dé lábẹ́ igi máńgòrò, mo so ó mọ́ fóònù mi kó lè máa gba íńtánẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ti ń ya wọlé. Bó ṣe máa ń rí lọ́dọ̀ wa nìyẹn, tí wọ́n bá ti gbọ́ pé ara ẹnì kan ò yá, àgbàlá á kún. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n jókòó, wọ́n kí mi kú ìnira, wọ́n sì yọ fóònù jáde láti fi sọ fún àwọn tó kù.

Tonton ló jókòó sítòsí mi jù. Àbúrò bàbá mi ni, òun sì ni olórí ilé látìgbà tí bàbá ti kú. Iṣu ló ń gbìn, kò sí ẹni tó ń kọ ebè bíi tirẹ̀ ní gbogbo agbègbè wa, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò lè jókòó kó máa wo nǹkan tí kò tẹ̀ síwájú.

"Kí la tún ń dúró dè?" Ó bi mí léèrè.

"Dókítà ní ká má tíì gbé e, Tonton."

"Dókítà yẹn ò sí níbí, kò rí i. Cotonou ni àwọn dókítà ńlá wà. Bon, ẹ jẹ́ ká gbé e sínú ọkọ̀, ká máa lọ."

"Tó bá wá kú sọ́nà ńkọ́?"

Kò yẹ kí n sọ ọ̀rọ̀ yẹn tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, mo sì rí i lójú Tonton pé ó dùn ún. Ṣùgbọ́n ó jókòó padà.

Ohun tí mo mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì ò pọ̀, iṣẹ́ ló kọ́ mi. Fáìlì kì í lọ lódindi. Kọ̀ǹpútà á gé e sí wẹ́wẹ́, á fún ìdì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, á wá máa tì wọ́n sójú ọ̀nà. Ẹ̀rọ tó wà lọ́hùn-ún á máa dáhùn pé eléyìí dé, èyí tó tẹ̀ lé e náà dé. Èyí tí kò bá gbọ́ ìdáhùn ẹ̀, ó ti sọnù nìyẹn, á tún un fi ránṣẹ́. Tí ẹyọ kan bá sọnù, kò burú. Tí wọ́n bá ń sọnù lemọ́lemọ́ ni wàhálà dé, torí kọ̀ǹpútà á rò pé ojú ọ̀nà ti kún, á fà sẹ́yìn, á máa fi díẹ̀díẹ̀ ránṣẹ́. Ìwọ tó jókòó sídìí ẹ̀ á máa rò pé ó ti sùn. Tó bá yá, ẹ̀rọ kan á máa retí èkejì títí okùn á fi já. Tí èèyàn bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ohùn ń já, a ṣì lè mọ ohun tó ń sọ. Fáìlì ò gba ìyẹn. Bó ku ìdì kan péré tí kò dé, kò ní ṣí.

Àkókò kajú sì la wà. Àwọn oníṣòwò tó ń ra kajú ti kún Tchaourou bámúbámú, olúkúlùkù ń fi fóònù béèrè iye tí wọ́n ń rà á níbòmíràn, òpó réseau kan ṣoṣo tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa ló sì ń gbé gbogbo wọn. Mo ní ọ̀nà kan tí mo fi máa ń dán an wò. Mo máa ń jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ké pe ẹ̀rọ kan lókèèrè léraléra, igbe kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá gbọ́, ìdáhùn á padà wá, á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, yóò ké, wọ́n á dáhùn. Yóò ké, kẹ́kẹ́ á pa. Yóò tún ké, kẹ́kẹ́ á tún pa. Ohun tó ń sọnù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ̀ ju ohun tó ń dé lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ò sì jẹ́ kí n rímú mí. Ó ń pè, ó ń pè. Ìgbàkígbà tí ìpè ẹ̀ bá wọlé, íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi á dúró gbagidi, fáìlì á sì já.

"Ṣé ó ti lọ?" 

"Ó ń lọ tẹ́lẹ̀. Ìwọ lo já a."

"Èmi? Èmi tí mo wà ní Cotonou?"

"Ẹ̀gbọ́n, má pè mí mọ́! Má pe fóònù yìí mọ́, ṣé o gbọ́? Tó bá lọ, màá pè ẹ́."

Mo já a mọ́ ọn lẹ́nu. Mo sì ṣe fóònù náà kí ìpè kankan má lè wọlé mọ́. Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìlà yẹn rìn, ó rìn, ó dé ìdajì, ó kọjá ìdajì. Mo dìde dúró. Àwọn obìnrin tó wà lórí ẹní náà dìde láìmọ ohun tí mò ń wò. Ó wá dúró, ó ń yí, ó ń yí. Échec.

Ìgbà yẹn ni Tonton pàtẹ́wọ́.

"Ọmọ mi, ohun tó ń ṣe ẹ́ ni pé o dá nìkan ń ṣe é. Ṣé èèyàn kan ló ń dá ro oko? Ẹ jẹ́ ká ṣe ọ̀wẹ̀ fún un."

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀wẹ̀ ni ká kó ara wa jọ, ká jọ lọ roko ẹnì kan lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Onílé á se oúnjẹ, àwọn ọkùnrin á tò sójú ebè, kí oòrùn tó wọ̀ wọ́n á ti ṣe iṣẹ́ tí ẹnì kan ì bá fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣe. Ọ̀wẹ̀ la fi kọ́ ilé tí a wà nínú ẹ̀ yẹn. Kò sí ìṣòro tí Tonton ò gbà pé ọ̀wẹ̀ lè yanjú.

"Gbogbo ẹni tó bá ní fóònù ńlá, ẹ mú un wá," ó ní. "Ẹ gba nǹkan yìí lọ́wọ́ ẹ̀, kí gbogbo yín jọ máa fi ránṣẹ́. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé, voilà, ó dé nìyẹn."

Ọkàn mi sọ fún mi pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwọn èèyàn wọ̀nyí bí wọ́n ṣe ń sáré, obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n ń tú fóònù níbi ìgbátí aṣọ, ọkùnrin tó ti oko Kika dé tí kò tíì bọ́ bàtà ń nu ojú fóònù ẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti jókòó tí wọn ò rí nǹkan ṣe ju kí wọ́n máa kí mi kú ìnira. Ó wù mí kí ọ̀rọ̀ Tonton jẹ́ òótọ́. Mo so fóònù wọn mọ́ kọ̀ǹpútà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo fi fáìlì sí i, mo fi ibi tí wọ́n máa tẹ̀ hàn wọ́n. Tonton tò wọ́n sábẹ́ máńgòrò lọ́wọ̀ọ́wọ́ bó ṣe máa ń tò wọ́n lóko.

"Ó yá! Bismillah!"

Wọ́n jọ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Kò sí ohun tó mira. Ìlà tèmi ò kúrò lójú kan. Mo wo ti obìnrin tó gbọ́mọ pọ̀n, òdo. Mo wo ti ará Kika, òdo. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ké pe ẹ̀rọ òkèèrè yẹn. Ó ké. Ó ké. Ó ké. Kò sí ìdáhùn kankan, àfi ìlà kan náà tó ń kọ ara ẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀ pé wọn ò gbọ́, wọn ò gbọ́. Oòrùn sì ti dé àtàrí. Inú yàrá, ìyá mi kérora lẹ́ẹ̀kan, ó dákẹ́.

Ara mi bù máṣọ.

"Tonton, ẹ ti bà á jẹ́!" Mo pariwo mọ́ ọn, lójú gbogbo ayé. "Ẹ ti bà á jẹ́ pátápátá! Lóko, ebè olúkúlùkù yàtọ̀. Níbí, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń gbà! Gbogbo yín lẹ dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù lórí, kò sẹ́ni tó lè wọlé, kò sẹ́ni tó lè jáde! Ẹ wá ń pè é ní ìrànlọ́wọ́!"

Kò sí ọmọ tó ń bá Tonton sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ti fẹ́ bá mi wí, Tonton gbọ́wọ́ sókè sí i pé kó dákẹ́. Ó bọ́ fìlà, ó gbé e lé orúnkún, ó ń wò mí. Mo rò pé ó máa bínú jáde ni.

"Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo," ó ní.

"Ẹyọ kan."

"Donc, kí àwọn yòókù kúrò lẹ́nu ọ̀nà ni."

"Kí gbogbo fóònù kú, Tonton. Kó ku tèmi nìkan."

"Títí kan tèmi?"

Fóònù kékeré oníbọ́tìnnì ni tirẹ̀, kò lè rí íńtánẹ́ẹ̀tì bó fi ọdún kan wò ó. "Títí kan tiyín," ni mo dá a lóhùn. Mi ò ní agbára àlàyé mọ́.

Ó yọ ọ́ nínú àpò agbádá, ó tẹ̀ ẹ́ títí iná ojú ẹ̀ fi kú. Ó wá kọjú sí àwọn èèyàn. "Ẹ gbọ́ o. Ọ̀wẹ̀ ṣì ni. Ọ̀wẹ̀ òní, kí á pa fóònù ni. Tí ẹ bá pa tiyín, ẹ lọ sílé tó kángun sí tiyín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n pa tiwọn."

Ó jáde. Ẹsẹ̀ ni Tonton fi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń wọn kajú, ó dúró láàárín àwọn oníṣòwò, ọkùnrin tí kì í bẹ oníṣòwò kankan, ó sì bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ròyìn ẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní: "Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ń bẹ lórí ẹní. Ẹ bá wa pa fóònù yín, títí a ó fi wá sọ fún yín. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín." Ó lọ bá àwọn onízémì tó ń fi alùpùpù gbé èrò níbi tí wọ́n ti ń dúró. Ó yà sí mọ́ṣáláṣí, ó sì sọ fún lèmọ́mù, ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lókè orí wa, ó pe orúkọ ìyá mi, ó pe orúkọ ilé wa, ó sọ ọ́ ní Nàgó, ó tún un sọ ní Baatonum, pé kí àwọn èèyàn bá wa pa fóònù.

Mi ò ní purọ́ pé gbogbo ìlú ló gbọ́ràn. Àwọn kan á ti fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n bí Tonton ṣe ń lọ, èmi ń gé fáìlì náà sí ìdì kéékèèké, kó fi jẹ́ pé tí ọ̀kan bá já, òun nìkan ni màá tún fi ránṣẹ́. Mo ní kí kọ̀ǹpútà ké. Kẹ́kẹ́ pa. Ó tún ké, wọ́n dáhùn. Ó ké, wọ́n dáhùn. Ó ké, wọ́n dáhùn, wọ́n dáhùn, wọ́n dáhùn.

Mo tẹ ìdì kìíní. Ó lọ. Mo tẹ ìkejì. Àgbàlá tó kún fún èèyàn yẹn pa lọ́lọ́, gbogbo wọn gbé fóònù tó ti kú lé itan, wọ́n ń wo ẹ̀yìn mi. Ìdì kan já láàárín, mo tún un tẹ̀, ó lọ. Ojoojúmọ́ ni mo máa ń gbọ́ ìpè ìrun ọ̀sán láti mọ́ṣáláṣí, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mi ò gbọ́ ọ. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wọlé, mo ń retí pupa, mi ò rí pupa. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí ewé máńgòrò.

Dókítà kọ̀wé sí mi pé gbogbo ẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún kọ̀wé: "Ẹ̀jẹ̀ ni. Ó pọ̀. Ẹ má wá sí Cotonou. Parakou, kíá. Wọ́n ti ń dúró dè yín."

Àwọn ọkùnrin gbé ìyá mi tòun ti ẹní. Taxi tó ti kọjú sí gúúsù láti àárọ̀ yí padà. Tonton jókòó síwájú, èmi wà lẹ́yìn, orí ìyá mi wà lórí itan mi. A ti jáde nílùú kí n tó rántí fóònù. Mo ṣí i kí ìpè lè wọlé, ó sì dún lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kò pariwo. Ìyẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù.

"Ìgbà wo ni?" ó ní.

"Ìgbà wo ni kí ni? Ó ti lọ! Dókítà ti rí i. A ti ń gbé màmá lọ sí Parakou."

Mo ń gbọ́ ìró ọkọ̀ lọ́dọ̀ ẹ̀, òun náà wà lójú ọ̀nà.

"Mo pè ẹ́, kò wọlé. Mo pe Tonton, ó ti pa á. Mo pe gbogbo ilé, gbogbo yín lẹ ti pa fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan níbùdókọ̀ Tchaourou ló pè mí pé wọ́n ń pe orúkọ màmá ní mọ́ṣáláṣí. Mo tún pe òun náà padà, ó ti pa tirẹ̀."

Ìgbà yẹn ló yé mi. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ ikú lórí fóònù. Tí ẹnì kan bá kú, fóònù ilé á kú, kí wọ́n má baà bi wá ní ohun tí ẹnu wa ò lè gbé, títí ẹni tó wà lókèèrè á fi dé. Tí gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí bá sì pe orúkọ àgbàlagbà lọ́sàn-án gangan, gbogbo ìlú mọ ohun tó túmọ̀ sí.

"Ẹ̀gbọ́n, kò kú. Ó wà láyè. Orí itan mi ló wà báyìí. Wọ́n fẹ́ ṣe é fún un ní Parakou."

"Ohun tó o sọ fún mi nígbà tí bàbá kú náà nìyẹn. O ní ara ẹ̀ ò yá, wọ́n ń gbé e lọ sí Parakou, kí n máa bọ̀."

Òótọ́ ni. Bí a ṣe ń pe èèyàn wálé nìyẹn.

"Jẹ́ kí n gbọ́ ohùn ẹ̀," ó ní.

Mo gbé fóònù sí ìyá mi lẹ́nu. Mo fọwọ́ tọ́ ọ, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ̀rọ̀, ohunkóhun. Èémí ẹ̀ nìkan ló ń dún. Réseau sì ń já lójú ọ̀nà yẹn, bí a bá wọ àárín oko á lọ, bí a bá dé abúlé á padà. Nígbà tí mo gbé fóònù padà sétí, mo gbọ́ ìlàjì ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, mo gbọ́ "mo ń bọ̀", mo gbọ́ "ẹ má tíì wẹ̀ ẹ́", ó já.

Mo pè é, pè é, kò wọlé. Tonton gba fóònù lọ́wọ́ mi, òun náà pè é, kò wọlé. Mo bú ẹkún nínú ọkọ̀ yẹn láìtijú, mi ò mọ èyí tí mò ń sun nínú gbogbo ẹ̀.

Wọ́n gbà á lọ́wọ́ wa ní Parakou gẹ́gẹ́ bí dókítà ṣe wí. Wọ́n fá irun ẹ̀, wọ́n lu ihò kékeré sí orí ẹ̀, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ náà jáde. Nígbà tí wọ́n ní ká wọlé wá wò ó, ó fi orúkọ mi gan-an pè mí. Mo ní kó tún un pè. Ó ní ṣé etí mi di ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀gbọ́n mi dé. Ó ti dé Tchaourou ná, wọ́n sọ fún un níbẹ̀ pé Parakou la wà, kò gbà wọ́n gbọ́, ó ní kí wọ́n fi ibojì hàn òun. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, eruku ọ̀nà bo irùngbọ̀n ẹ̀, ojú ẹ̀ wú. Ó gbá àpò ọ̀rá dúdú kan mọ́ àyà. Ó ń wo ìyá wa tó jókòó ti ìrọ̀rí pẹ̀lú báńdéèjì lórí, tó ń jẹ́ kí n fi ṣíbí bu kókó sí òun lẹ́nu.

"Ìgbà wo lo kúrò ní Cotonou?" ìyá mi ní. "Kí lo rà bọ̀ fún mi?"

Mo dìde láti gba àpò náà lọ́wọ́ ẹ̀ kí n fi pamọ́, torí mo ti rí etí aṣọ funfun nínú ẹ̀, aṣọ funfun tí a kì í rán, tí wọ́n fi ń wé òkú. Àkọ́bí ni, òun ló tọ́ sí láti rà á.

"Fi sílẹ̀," ìyá mi ní. "Gbé e wá."

Ó gbé e wá. Ìyá mi na ọwọ́ sínú àpò, ó fa etí aṣọ náà jáde, ó fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò bó ṣe máa ń yẹ aṣọ wò lọ́jà. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi. Ọkùnrin ńlá yẹn ti kúnlẹ̀, ó ti gbé ojú lé bẹ́ẹ̀dì, èjìká ẹ̀ ń mì.

Ìyá mi gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì yíjú sí mi.

"Aṣọ gidi ni," ó ní. "Bá mi gbé e sínú àpótí mi. Tòní kọ́."